Frederick McKinley Jones, mẹkáníìkì tí ó gbé òtútù sórí ọkọ̀

Ní àsìkò ọ̀gbẹlẹ̀, nígbà tí oòrùn bá ń mú janjan lórí títì tí ó ti Kútọnu gba Bohicon lọ sí Ṣábẹ̀ẹ́, ohun tí ó máa ń kó ìdààmú bá ọ̀pọ̀ olówó ọkọ̀ ni ẹ̀rọ tí ń mú inú ọkọ̀ tutù, èyí tí tọmọdé tàgbà ti sọ di kílíìmù. Lónìí yóò fẹ́ tútù, lọ́la yóò fẹ́ gbígbóná. Olówó ọkọ̀ yóò gbé e lọ sí ẹ̀bá títì, wọn yóò fi gáàsì sí i, yóò sanwó, yóò sì máa yọ̀ lọ sílé. Kò ní pẹ́ tí ooru yóò tún padà. Ìyọnu yìí kì í ṣe tuntun. Kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń wakọ̀ lónìí tó dé ayé ni ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan ní Amẹ́ríkà, tí kò kàwé púpọ̀ nílé ẹ̀kọ́, ti fara balẹ̀ wá ohun tí ń pa ẹ̀rọ òtútù lójú ọ̀nà. Ẹja dídì àti adìẹ dídì tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń gbé kúrò ní èbúté Kútọnu, lára iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹ àǹfààní.

Frederick McKinley Jones ni orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù karùn-ún ọdún 1893 ni wọ́n bí i, ní agbègbè Cincinnati, ní etí odò Ohio. Òyìnbó ọmọ Ireland ni bàbá rẹ̀, òṣìṣẹ́ ojú irin. Aláwọ̀ dúdú ni ìyá rẹ̀, ọmọ náà kò sì dàgbà sí ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí bàbá rí i pé òun nìkan kò lè tọ́ ọmọ, ó mú un lọ sọ́dọ̀ àlùfáà ìjọ Àgùdà kan ní Covington, ní òdìkejì odò, pé kí ó bá òun wò ó. Bàbá náà kú nígbà tí ọmọ wà ní nǹkan bí ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Láti ìgbà náà ni Jones ti di ẹni tí kò ní ará tí yóò fi ẹ̀yìn tì.

Ó ń gbálẹ̀, ó ń dáná, ó ń ṣe ìmọ́tótó ilé Ọlọ́run fún àlùfáà, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sí nínú iṣẹ́ náà. Ara ẹ̀rọ ni ọkàn rẹ̀ wà. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà tí ó padà sí Cincinnati láti wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀. Gáréèjì kan gbà á, ìgbálẹ̀ náà ni wọ́n sì tún gbé lé e lọ́wọ́. Àmọ́ bí ó ti ń gbálẹ̀ ni ó ń wo ọwọ́ àwọn tí ń tú ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí ó fi pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ó ti di mẹkáníìkì. Ní ọdún kan lẹ́yìn náà wọ́n fi í ṣe olórí àwọn tí ó dàgbà jù ú lọ. Ó ń bá wọn kan ọkọ̀ ìdíje pẹ̀lú, ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ́ kí ó bá ọkọ̀ náà lọ sí pápá. Nígbà tí ó yọ́ lọ wo ìdíje láìgbàṣẹ, ìyà rẹ̀ jẹ ẹ́, ó sì fi ibẹ̀ sílẹ̀.

Lẹ́yìn ìrìn-àjò láti ìlú kan sí òmíràn, ní ọdún 1912 ó gúnlẹ̀ sí Hallock, ìlú kékeré kan ní àríwá ìpínlẹ̀ Minnesota, tí kò jìnnà sí ààlà Kánádà. Iṣẹ́ àtúnṣe ẹ̀rọ ni ó wá ṣe níbẹ̀, nínú oko ńlá kan tí ọmọ olówó ojú irin ni. Òtútù Hallock kò ṣe é fẹnu sọ. Òjò dídì a máa bo ọ̀nà, a sì máa há àwọn ènìyàn mọ́lé. Ọmọ aláwọ̀ dúdú kan ṣoṣo láàárín àwọn àgbẹ̀ aláwọ̀ funfun, tí kò sí ẹni tí ó bí i níbẹ̀, ó yẹ kí ó jẹ́ àjèjì títí láé. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ ẹnì kan bá dákẹ́, òun ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí, èyí sì sọ ọ́ di ọmọ ìlú. Alẹ́ ni ó fi ń ka ìwé nípa iná mànàmáná àti ẹ̀rọ. Ìwé ni olùkọ́ rẹ̀, irin àlòkù sì ni ohun tí ó fi ń dán ẹ̀kọ́ náà wò.

Ogun Àgbáyé Kìíní gbé e dé ilẹ̀ Faransé ní 1918, ilẹ̀ kan náà tí àwọn ọmọ Dahomey pẹ̀lú ti ń jagun lábẹ́ àsíá Faransé. Níbẹ̀, iṣẹ́ iná mànàmáná ni wọ́n fi sí ìkáwọ́ rẹ̀: ó ń fa wáyà iná àti ti tẹlifóònù sí àgọ́ àwọn ọmọ ogun, ó sì di sájẹ́ǹtì. Nígbà tí ogun parí, ó padà sí Hallock.

Ohun tí ó ṣe ní ìlú náà láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́wàá yani lẹ́nu. Ó kan ẹ̀rọ tí ń gbé ohùn jáde fún ilé iṣẹ́ rédíò ìlú. Kí dókítà lè dé ọ̀dọ̀ aláìsàn nígbà òjò dídì, ó mú ara ọkọ̀ òfuurufú àlòkù, ó fi pákó ìyọ̀nù sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ dípò táyà, ó sì jẹ́ kí abẹ̀bẹ̀ ọkọ̀ náà máa tì í lọ lórí yìnyín. Nígbà tí dókítà tún ráhùn pé ó nira láti máa gbé aláìsàn lọ síbi ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán egungun, Jones ṣe èyí tí a lè gbé lọ bá aláìsàn lórí ibùsùn. Kò gba ìwé ẹ̀rí ìṣẹ̀dá lórí rẹ̀, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní brevet. Àwọn mìíràn ni wọ́n fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ pawó lẹ́yìn náà. Ẹ̀kọ́ yìí ta á lára, kò sì tún ṣe irú rẹ̀ mọ́.

Ní òpin àwọn ọdún 1920, sinimá bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó ni ilé sinimá Hallock kò ní owó tí yóò fi ra ẹ̀rọ ohùn, nítorí náà ó ké sí Jones. Jones mú abẹ irin tí wọ́n fi ń ro ilẹ̀ lóko, ó sọ ọ́ di àwo tí ń yí, ó wá àwọn ẹ̀yà yòókù láàárín irin àlòkù, sinimá sì sọ̀rọ̀ ní Hallock. Òkìkí rẹ̀ dé etí Joseph Numero, oníṣòwò kan ní Minneapolis tí ń ta ohun èlò sinimá. Ní nǹkan bí 1930, Numero pè é wá síṣẹ́. Níbẹ̀ ni ó ti ṣe ẹ̀rọ tí ń já ìwé ìwọlé fún àwọn tí ó bá wá wo sinimá, tí ó sì gba ìwé ẹ̀rí ìṣẹ̀dá lórí rẹ̀ ní 1939.

Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ nípa bí ó ṣe kọ́kọ́ ronú kan òtútù inú ọkọ̀ bá ohun tí ojú àwọn ará etí ọ̀sà Àjàṣẹ́ ń rí mu. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí ooru mú, ní 1937, Jones wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ sí etí adágún omi kan ní Minneapolis kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i. Ẹ̀fọn kò jẹ́ kí ó ṣí fèrèsé. Bí ó bá tì í, ooru. Bí ó bá ṣí i, ẹ̀fọn. Ó lọ kàwé lórí ọ̀rọ̀ náà, ó ya àwòrán ẹ̀rọ kékeré kan tí yóò mú inú ọkọ̀ tutù, ó sì gbé e lọ bá Numero. Numero kọ̀ ọ́: ó ní yóò wọ́n jù, kò sì sí ẹni tí yóò rà á. Oníṣòwò náà kò fi bẹ́ẹ̀ jayò pa. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Packard gbé ọkọ̀ tí ó ní ẹ̀rọ òtútù jáde fún ọdún 1940, ìdajì rẹ̀ gba àyè ẹrù lẹ́yìn, ẹni tí ó bá sì fẹ́ pa á gbọ́dọ̀ dúró, kí ó ṣí iwájú ọkọ̀, kí ó yọ bẹ́líìtì kúrò. Kò pẹ́ tí Packard fi jáwọ́ nínú rẹ̀.

Àwòrán tí Numero kọ̀ wà nílẹ̀ títí di 1938. Ní ọdún náà, ó ń gbá bọ́ọ̀lù gọ́ọ̀fù pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí ó ní ọkọ̀ akẹ́rù, àti òmíràn tí ń ṣòwò ẹ̀rọ òtútù. Onímọ́tò ń kẹ́dùn pé adìẹ tí òun fi ọkọ̀ kan rán ti bàjẹ́ lọ́nà, nítorí yìnyín tí wọ́n tò yí i ká ti yọ́. Oníṣòwò òtútù ní àwọn ti gbìyànjú, ṣùgbọ́n jíjó tí ọkọ̀ ń jó lójú ọ̀nà ń tú ẹ̀rọ náà ká. Numero fi ṣe àwàdà pé òun ni yóò ṣe é. Onímọ́tò náà kò fi í ṣe àwàdà, ó sì gbé ọkọ̀ wá. Numero kò rí ọ̀nà àtisá. Jones wọ inú ọkọ̀ náà, ó wọn ín níbùú lóròó, ó jáde, ó sì ní ó ṣeé ṣe.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹ̀rọ tí ó dúró sójú kan àti èyí tí ń rìn ni gbogbo iṣẹ́ Jones. Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé ni, a gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ẹ̀rọ òtútù ń ṣe. Kì í ṣẹ̀dá òtútù. Ooru ni ó ń kó láti ibì kan lọ dà nù síbòmíràn. Gbogbo ilé tí ó ní amù mọ ìdí rẹ̀: omi inú amù a máa tutù nítorí omi tí ń jẹ jáde lára amọ̀ a máa gbẹ, bí ó sì ti ń gbẹ ni ó ń kó ooru lọ. Nínú ẹ̀rọ, gáàsì ni ó rọ́pò omi náà. Kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ yóò fún un mọ́ra títí yóò fi gbóná. Yóò gba inú àwọn páìpù tí ó ní abẹ irin tín-ín-rín lára kọjá, níbi tí atẹ́gùn yóò ti gba ooru náà lọ, yóò sì di olómi. Lẹ́yìn náà yóò gba ihò tóóró kan kọjá, yóò tú ká lójijì, yóò sì tutù bí yìnyín. Fáànù yóò wá fẹ́ atẹ́gùn gba orí ibi tútù yìí. Gáàsì kan náà ni yóò tún padà sí ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀. Kò gbọ́dọ̀ jáde rárá.

Nínú ilé, oríkèé páìpù lè wà bẹ́ẹ̀ fún ogún ọdún. Lójú ọ̀nà, gbogbo kòtò ni ó ń mì í. Jones mú ìmọ̀ tí ó ti kọ́ lára ọkọ̀ ìdíje wá síbí: ó dín iye ẹ̀yà kù, ó dè wọ́n pinpin, ó fi ohun tí ń gba ìjó ọkọ̀ mọ́ra sí abẹ́ wọn. Ẹ̀rọ àkọ́kọ́ rẹ̀ wà lábẹ́ ọkọ̀, ó wúwo púpọ̀, ó sì ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹrọ̀fọ̀ àti eruku ojú ọ̀nà ń bò ó, kò sì lè mí. Jones kò fi ìtìjú bo àléébù náà mọ́lẹ̀. Ó tún un ṣe, ó dín ìwúwo rẹ̀ kù, ó sì gbé e lọ sí iwájú àpótí ẹrù, lókè, níbi tí ẹrọ̀fọ̀ kò dé tí atẹ́gùn sì wà. Ibẹ̀ náà ni ó wà lára àwọn ọkọ̀ akẹ́rù dídì títí di òní. Ó tún ṣe é kí ẹ́ńjìnnì kékeré tí ń wa ẹ̀rọ náà máa dá ara rẹ̀ tan bí ooru bá pọ̀, kí ó sì máa dá ara rẹ̀ pa bí òtútù bá tó. Awakọ̀ kò ní láti sọ̀kalẹ̀ bí ti Packard.

Àwọn ọ̀tá tí Jones bá jà nígbà náà ni wọ́n ṣì ń ba kílíìmù jẹ́ lónìí, ẹni tí ó bá sì fẹ́ tọ ipasẹ̀ rẹ̀ nílé ara rẹ̀ kò nílò irinṣẹ́ púpọ̀. Eruku ni àkọ́kọ́. Níwájú rédíétọ̀ ni àwọn páìpù tí ń da ooru nù wà, eruku pupa ọ̀nà Kétu àti kòkòrò a sì máa dí wọn. Omi tí kò le ju bí ó ti yẹ lọ, tí a rọra dà sí i nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti tutù, máa ń dá òtútù tí ó ti dínkù padà. Bí ó bá ń tutù nígbà tí ọkọ̀ ń sáré, tí ó sì ń gbóná nígbà tí ó bá há sínú sùnkẹrẹ-fàkẹrẹ, kí a wo fáànù iwájú bóyá ó ń yí. Bí atẹ́gùn bá tutù ṣùgbọ́n tí kò lágbára, asẹ́ tí ń sẹ́ atẹ́gùn inú ọkọ̀ ló dí. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ẹ̀yìn àpótí kékeré iwájú èrò ni ó wà, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Omi tí ń kán sábẹ́ ọkọ̀ kì í ṣe àìsàn, ìrì orí ibi tútù ni. Bí omi náà bá ń dà sí ẹsẹ̀ èrò, ihò tí ó yẹ kí ó gbà jáde ni ó dí.

Lẹ́yìn ìyẹn ni a tó ń bọ̀ sórí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀. Nígbà tí a bá tan kílíìmù, a máa ń gbọ́ ìró kékeré kan, àárín kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí bá bẹ́líìtì yí. Ojú ni a fi ń wò ó, kì í ṣe ọwọ́. Bí kò bá yí, ó lè jẹ́ fíúùsì ni ó jó. Ó sì lè jẹ́ gáàsì ni ó ti lọ tán, nítorí wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kí kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ má ṣiṣẹ́ nígbà tí gáàsì kò bá tó. Gáàsì tí ó lọ, ibì kan ni ó gbà jáde. Òróró díẹ̀ máa ń bá a rìn, nítorí náà ibi tí ó ń jò a máa lẹ̀, eruku a sì máa mọ́ ọn lára. Àwọn oríkèé páìpù ni kí a kọ́kọ́ fi iná tọ́ọ̀ṣì wò. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹni tí ń fi gáàsì sí kílíìmù lọ́dọọdún láìwá ibi tí ó ń jò, afẹ́fẹ́ ni ó ń san owó fún.

Iṣẹ́ ilé dópin níbẹ̀. Kò yẹ kí a tú páìpù gáàsì fúnra wa, nítorí gáàsì tí ó tú jáde ní olómi lè dáná sí awọ ara bí ó ti tutù tó, ó sì lè fọ́ ojú. Ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ní aago ìwọn ni iṣẹ́ yẹn wà. Olówó ọkọ̀ ṣì lè béèrè ohun kan lọ́wọ́ onítọ̀hún: irú gáàsì wo ni. Ó wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Gáàsì àtijọ́ tí wọ́n lò láyé Jones ń ba ìpele òsóònù ojú ọ̀run jẹ́, àdéhùn Montreal ti 1987 sì fòpin sí i. R134a rọ́pò rẹ̀ nínú ọkọ̀ láti àwọn ọdún 1990, òmíràn sì tún ti ń rọ́pò èyí náà nínú àwọn ọkọ̀ tuntun. Nínú àwọn ọkọ̀ àlòkù tí ń sọ̀ ní Kútọnu, a lè bá oríṣiríṣi pàdé, a kò sì gbọ́dọ̀ pò wọ́n.

Jones àti Numero dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ ọkọ̀ akẹ́rù náà. Thermo King ni a wá mọ̀ ọ́n sí. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà fi irú ẹ̀rọ rẹ̀ pa oúnjẹ, oògùn àti ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fà sára àwọn tí ó gbọgbẹ́ mọ́. Lẹ́yìn ogun, ó dé inú ọkọ̀ ojú irin àti ọkọ̀ ojú omi. Ẹran àti èso tí ó ti máa ń jẹrà lọ́nà bẹ̀rẹ̀ sí rin ọ̀nà jíjìn, ọjà oúnjẹ sì yí padà káàkiri ayé. Ìyípadà náà kò dára fún gbogbo ènìyàn: adìẹ dídì tí ó ti òkè òkun dé ti gba ọjà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tí ń sin adìẹ nílẹ̀ wa.

Ní 1944 ni ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ òtútù ti Amẹ́ríkà gba Jones wọlé, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí wọ́n gbà. Àwọn tí wọ́n ti yunifásítì jáde ń gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ ọkùnrin tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìgbálẹ̀, ní orílẹ̀-èdè tí ó ṣì kọ̀ láti jẹ́ kí irú rẹ̀ jókòó níbi tí ó wù ú ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀. Ìwé ẹ̀rí ìṣẹ̀dá tí ó gbà lé ní 60, nǹkan bí 40 nínú wọn sì jẹ́ ti ẹ̀rọ òtútù.

Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ni ó pa á ní Minneapolis, ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kejì ọdún 1961. Ọgbọ̀n ọdún kọjá kí ìjọba Amẹ́ríkà tó fi àmì ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè fún ìmọ̀ ẹ̀rọ dá a lọ́lá, òun àti Numero pọ̀. Kò sí aláwọ̀ dúdú kankan tí ó ti gbà á ṣáájú rẹ̀. Ní 1991 tí Ààrẹ George Bush pín in ní Washington, àwọn méjèèjì ti lọ. Àwọn opó wọn ni ó jáde láti gbà á.